Ọkọ Mi Kékeré: Bí Ìyá Àgbà Ṣe Ń Bá Ọmọ Ọmọ Rẹ̀ Ṣeré

Ẹni tí ó bá wọ agboolé kan ní Òṣogbo Òròkí, ìlú aró, tàbí ní Iléṣà, ìlú Owá Ọbòkun, ní àsìkò tí oòrùn ń rọlẹ̀, tí àwọn ìyá ọmọ kò tíì ti ọjà dé, tí àwọn bàbá sì wà lẹ́nu iṣẹ́, yóò bá arúgbó obìnrin kan lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò sì bá ọmọdé méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n rọ̀ mọ́ ọn, ọ̀kan lórí itan, ọ̀kan lẹ́yìn. Bí àlejò náà bá sì dúró díẹ̀ kí ó tó kí wọn, yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó lè yà á lẹ́nu, nítorí arúgbó ẹni àádọ́rin ọdún ni ó ń bi ọmọ ọdún mẹ́rin pé kí ni ó rà bọ̀ fún òun, pé irú ọkọ wo ni èyí tí kò bìkítà fún ìyàwó rẹ̀, ọmọ náà yóò sì fi gbogbo ẹnu dáhùn pé òun yóò ra aṣọ, òun yóò ra mọ́tò, òun yóò sì gbé e lọ sí Èkó. Kò sí ẹni tí yóò bá wọn wí. Ìyá ọmọ gan-an, bí ó bá dé bá wọn lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín ni yóò fi kọjá lọ sí ìdí ààrò.

Eré yìí ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ti fojú kan ìwé ni ó ń rò pé ọ̀nà tí arúgbó tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ ń gbà lo ọjọ́ rẹ̀ ni, tàbí pé ọ̀nà àkẹ́bàjẹ́ ni, èyí tí ó yẹ kí òbí tètè dí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlànà ni, àwọn ìyá ńlá àti baba ńlá wa ni wọ́n fi lélẹ̀. Ó ní òfin tirẹ̀, ó ní ìgbà tirẹ̀, ó sì ní ibi tí a kì í kọjá. Èyí tí ó sì ṣe pàtàkì jù ni pé inú eré náà ni ọmọ ti ń gba èdè, oríkì, ìtàn àti ìwà ìdílé rẹ̀, kí ó tó mọ̀ rárá pé òun ń kọ́ nǹkan kan.

Ibi ìwẹ̀ ni eré náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí obìnrin bá bímọ, ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ ni í wá tọ́jú òun àti ọmọ, òun ni í sì í máa wẹ ọmọ náà láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Yóò gbé àpótí sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, yóò jókòó, yóò ká ìró rẹ̀ kọjá orúnkún, yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, yóò sì tẹ́ ọmọ sórí wọn. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ yóò wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú yóò wà nínú igbá, òrí yóò sì wà nínú àwo kékeré níbi tí oòrùn kò ti ní í pa á. Yóò fi ọṣẹ pa ọmọ láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, yóò dà á délẹ̀ kí ó lè fọ ẹ̀yìn, yóò wá àárín ọrùn níbi tí omi ọmú máa ń di sí, yóò sì ṣan án. Ìgbà tí ó bá nù ún gbẹ tán ni iṣẹ́ gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ kù. Yóò ra òrí láàrin àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì títí tí yóò fi yọ́, yóò fi wọ́ oríkèé ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò mú ọwọ́ ọ̀tún kọjá àyà lọ bá èjìká òsì, yóò mú ọwọ́ òsì wá bá èjìká ọ̀tún, yóò ká orúnkún méjèèjì kan ikùn, yóò nà wọ́n padà. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọmọ ní abẹ́ apá, yóò jù ú sókè díẹ̀, yóò sì hán an. Àwọn ọmọ mìíràn a fi igbe ta, ṣùgbọ́n kò ní í pẹ́ tí ara wọn yóò fi mọ̀ ọ́n, tí wọn yóò sì máa rẹ́rìn-ín kí ọwọ́ tó gbé wọn kúrò nílẹ̀.

Ní gbogbo ìgbà tí ọwọ́ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹnu kì í dákẹ́. Yóò kọ́kọ́ pe oríkì ọmọ, Àjàní tàbí Àkànní bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, Àbẹ̀kẹ́ tàbí Àṣàkẹ́ bí ó bá jẹ́ obìnrin. Yóò ti ibẹ̀ bọ́ sí orílẹ̀ bàbá rẹ̀, yóò pè é ní ọmọ Ọbòkun bí ó bá jẹ́ Ìjẹ̀ṣà, yóò pè é ní ọmọ Òròkí bí ó bá jẹ́ ti Òṣogbo. Bí ó bá sì ti kí i tán ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ta ni ó ni ikùn rọ̀gbọ̀tọ̀ yìí? Ṣé gbogbo iyán Ìjẹ̀ṣà ni ó fẹ́ dá jẹ tán ni? Ẹ wo imú bàbá rẹ̀ tí ó gbé wọ̀! Nígbà tí ọmọ bá sì pariwo díẹ̀, bí ọmọ oṣù méjì ti ń ṣe, ìyá àgbà yóò dákẹ́ gbọ́ ọ títí dé òpin, yóò ké sí àwọn ará ilé pé kí wọ́n wá gbọ́ o, pé ọkọ òun ń bú òun, yóò sì fún ọmọ náà lésì bí ẹni pé ó gbọ́ gbogbo ohun tí ó sọ. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo èyí yóò rí i pé ọ̀rọ̀ sísọ ni a ń kọ́ ọmọ: a sọ̀rọ̀, a dákẹ́ fún un, òun náà dáhùn, a sì tún sọ. Kí eyín àkọ́kọ́ tó hù ní ẹnu ọmọ náà, ó ti mọ̀ pé bí ẹnìkan bá sọ̀rọ̀, ìdákẹ́jẹ́ ni ti ẹnìkejì títí tí yóò fi kàn án.

Ní Òṣogbo, ọ̀rọ̀ omi gan-an ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Yèyé Ọ̀ṣun, olóòyà iyùn, ni àwọn àgbà gbà pé ó ń fi omi tútù wo ọmọ wẹ́wẹ́, nítorí náà ni àwọn ìyá àgbà tí wọ́n di àṣà odò mú ṣe máa ń bu omi Ọ̀ṣun wálé fún ọmọ ọmọ wọn, tí obìnrin tí ó sì ti tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò gbé ọmọ náà padà lọ dúpẹ́ nígbà ọdún. Igbó Ọ̀ṣun tí ó wà létí odò yìí ni àjọ UNESCO fi kún àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005.

Mo gbọ́dọ̀ dá ọ̀rọ̀ kan dúró níhìn-ín. Àwọn ìyá àgbà ayé àtijọ́, nígbà tí ìwẹ̀ bá parí, a máa rọ ọmọ ní àgbo tàbí ẹ̀kọ. Wọn a ká àtẹ́lẹwọ́ sí ẹnu ọmọ, wọn a sì dí imú rẹ̀ kí ó lè gbé e mì. Àwọn nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún wa nípa èyí, òtítọ́ sì ni wọ́n sọ, nítorí ohun tí a rọ lè ṣìnà gba ẹ̀dọ̀fóró lọ, kí ó sì gba ẹ̀mí ọmọ; Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti là á sílẹ̀ pé ọmú nìkan ni kí ọmọ máa mu títí yóò fi pé oṣù 6. Kí a fi àgbo rírọ sílẹ̀, kí a sì di ìwẹ̀, òrí àti ọ̀rọ̀ ẹnu mú, nítorí àwọn ni a ń sọ nígbà tí a bá wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ìgbà tí a bá já ọmọ lẹ́nu ọmú ni ìfẹ́ àárín wọn tún máa ń le sí i. Ọmọ tí ó ti ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti bí i, a óò gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà, nígbà mìíràn ní agboolé mìíràn, nígbà mìíràn ní ìlú mìíràn pàápàá, kí ó má baà rí ọmú ìyá rẹ̀ kí ó tún máa sọkún sí i. Òru mélòó kan àkọ́kọ́ a máa le. Ìyá àgbà yóò pọ̀n ọ́n rìn yí àgbàlá ká, yóò fi ọmú gbígbẹ tirẹ̀ tàn án, yóò fi àkàrà àti ẹ̀kọ bẹ̀ ẹ́, títí tí oorun yóò fi gbé e. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́, orí ẹní kan náà ni àwọn méjèèjì yóò ti jí. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ ti mọ̀ pé òun ní ẹ̀yìn méjì tí a lè pọ̀n òun sí ní ayé yìí. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ó wà láàárín wa lónìí tí wọ́n ń ka ìyá àgbà kún ìyá gan-an, tí ó jẹ́ pé láti ìgbà ìjálẹ́nu-ọmú ni wọn kò ti kúrò lórí ẹní rẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi tó ilé-ìwé lọ.

Orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn ni ó máa ń dá àlejò níjì jù lọ. Ọkùnrin ni ọkọ mi. Obìnrin ni orogún mi, pàápàá bí bàbá àgbà bá ṣì wà láàyè, nítorí bàbá àgbà fúnra rẹ̀ ti ń pe ọmọbìnrin náà ní ìyàwó rẹ̀. Bí ọmọ náà bá gbé omi fún bàbá àgbà, ìyá àgbà yóò ká ọwọ́ lérí, yóò kígbe pé ẹ gbà mí, wọ́n ti gba ọkọ lọ́wọ́ mi, kí n tó fojú ba oorun ni ìyàwó kékeré ti gbé omi fún un! Ọmọbìnrin náà yóò sì fẹsẹ̀ janlẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni, òun ni bàbá àgbà fẹ́ràn jù. Mo ti rí ibi tí àwọn méjèèjì ti bára wọn ja irú ìjà báyìí láti òwúrọ̀ títí di ìgbà oúnjẹ, tí ó sì jẹ́ pé inú abọ́ kan náà ni wọ́n ti jọ jẹun.

Ṣùgbọ́n àwọn orúkọ mìíràn wà tí ó jinlẹ̀ ju ìwọ̀nyí lọ. A gbà ní ilẹ̀ yìí pé ẹni tí ó lọ lè tún padà wá nínú ìran rẹ̀, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí a fi ń sọ ọmọ ní Babátúndé, tí a fi ń sọ ọ́ ní Yétúndé àti Ìyábọ̀. Obìnrin tí bàbá rẹ̀ ti lọ, tí a wá bí ọmọ ọmọ fún un tí ó gbé ojú bàbá náà wọ̀, kì í ṣe àwàdà ni ó ń ṣe nígbà tí ó bá ń pe ọmọdé náà ní bàbá mi. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí a bí ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọdún 1909, bá irú èyí pàdé: ìyá tí ó bí bàbá rẹ̀, obìnrin onífá tí Awólọ́wọ̀ fẹ́ràn lọ́pọ̀lọpọ̀, gbà dájú pé bàbá òun ni ó tún padà wá sáyé nínú ọmọ ọmọ òun. Nítorí náà, nígbà tí a bá gbọ́ tí arúgbó ń pe ọmọ ọdún méjì ní bàbá, tí ó ń tọrọ owó lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó ń fi ẹjọ́ àwọn aládùúgbò sùn ún, kí a mọ̀ pé ẹnu eré ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ ni ó wà ní ìdí rẹ̀. Wọn kì í ka ara wọn sí àgbà àti ọmọdé. Ọ̀kan ń múra àtilọ, ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé.

Kí ni ó dé tí bàbá àti ìyá kò lè bá ọmọ wọn ṣe irú eré yìí? Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ràn ọmọ wọn. Iṣẹ́ ìbáwí ni ó wà lọ́rùn wọn, ẹni tí yóò sì fi ojú lásán bá ọmọ wí kò gbọdọ̀ ti jẹ́ kí ọmọ náà máa bú òun bí ẹgbẹ́ lánàá. Ọ̀mọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì kan, A. R. Radcliffe-Brown, tí ó kọ̀wé lórí irú ẹ̀fẹ̀ báyìí láàrin ìbátan nínú ìwé àtìgbàdégbà tí ń jẹ́ Africa ní ọdún 1940, ṣàkíyèsí ohun kan náà láàrin ọ̀pọ̀ ẹ̀yà: níbi tí agbára ìbáwí bá ti wà lọ́wọ́ òbí, àárín òbí àgbà àti ọmọ ọmọ a máa tú sílẹ̀ fún àwàdà, ọmọ ọmọ ni ó sì ń bọ̀ wá gba ipò àgbà náà nígbà tí ó bá lọ. A máa ń wí pé bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ní ilé Yorùbá, ọwọ́ òsì ni ti òbí, ìyá àgbà ni ó sì ni ọwọ́ ọ̀tún.

Ìdí nìyí tí ẹ̀yìn ìyá àgbà fi jẹ́ ibi ìsádi. Bí bàbá bá mú pàṣán, tí ọmọ bá sáré lọ sẹ́yìn arúgbó, tí ó sì di ìró rẹ̀ mú, ẹjọ́ ti parí nìyẹn fún ìgbà náà, nítorí ẹni tí ó bá na ọmọ níbẹ̀ yóò dà bí ẹni tí ó gbé ọwọ́ sókè sí ìyá ara rẹ̀. Bàbá yóò halẹ̀, yóò sọ pàṣán sílẹ̀, yóò sì jáde. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Ní alẹ́, nígbà tí ẹkún bá ti gbẹ lójú ọmọ, tí orí rẹ̀ sì wà lórí itan ìyá àgbà, arúgbó yóò bi í ní ohùn jẹ́jẹ́ pé kí ni ó mú un jí ẹran nínú ìkòkò, ṣé òun kò fún un ní tirẹ̀ ni, ṣé kò mọ̀ pé bí àwọn ará ilé bá gbọ́, ojú ni yóò ti òun. Ọmọ tí kò jẹ́wọ́ fún pàṣán yóò jẹ́wọ́ níbẹ̀. Àwọn ìyá àgbà kan wà, mi ò ní í parọ́, tí wọ́n ń bo ìwà olè ọmọ ọmọ wọn mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń bú òbí níṣojú ọmọ. Irú wọn ni ó ba àwọn yòókù lórúkọ jẹ́, nítorí ẹni tí ó bá gba ọmọ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹgba tí kò bá a wí ní alẹ́, ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ṣe.

Eré náà sì ní ààlà. Ọmọ lè fi ẹnu tí kò léyín ṣe ẹlẹ́yà, ó lè dọ́gbọ́n rìn bí arúgbó tí ń tẹ̀ lé ọ̀pá, ìyá àgbà yóò sì rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi yọ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ọkùnrin gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀, obìnrin gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀, kí wọ́n tó gba oríkì àárọ̀ wọn. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ nà án, ì báà ṣe ní eré. Ọmọ àdúgbò kò sì gbọdọ̀ bá wọn dá sí i: ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ẹ̀fẹ̀ ní ẹnu ọmọ ọmọ, àrífín ni ní ẹnu ọmọ ẹlòmíràn, ọmọ ọmọ gan-an ni yóò sì kọ́kọ́ bá a jà. Báyìí ni ọmọ ṣe ń mọ̀, kí ó tó pé ọdún mẹ́fà, pé ẹni tí a ń bá ṣàwàdà kì í ṣe ẹni tí a fi ń wọ́lẹ̀.

Àwọn méjèèjì a sì tún máa ran ara wọn lọ́wọ́, nítorí ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ ni í fi okùn sí ojú abẹ́rẹ́. Òun ni í fa ewú lórí arúgbó, tí yóò sì máa kà á sókè bí ó ti ń fà á, bí ó bá sì ka iye kan léèmejì nítorí kí ẹ̀bùn rẹ̀ lè pọ̀ sí i, arúgbó yóò ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Òun ni í lọ ra áṣáà lójúde, òun ni í sì í wá obì tí ó bọ́ sábẹ́ àpótí. Lọ́wọ́ tirẹ̀ ẹ̀wẹ̀, ìyá àgbà ni ó mọ ibi tí ẹran kù sí nínú ìkòkò. Bí wọ́n bá sì ń gún iyán ní ilé Ìjẹ̀ṣà, òun ni yóò wí pé kí a dá ọmọ orí odó dúró díẹ̀, kí ọkọ òun kékeré gba òkèlè iyán gbígbóná sí àtẹ́lẹwọ́ kí ọbẹ̀ tó jiná.

Alẹ́ ni ó ni àlọ́. A kì í pa á lọ́sàn-án, àwọn ìyá àgbà sì mọ ọgbọ́n inú òfin yìí, nítorí ọmọ tí ń retí àlọ́ yóò tètè fọ abọ́, yóò tètè wẹ ẹsẹ̀, yóò sì wá jókòó láìjẹ́ pé a pè é léèmejì. Àlọ́ àpamọ̀ ni a fi ń ṣíde. Ìyá àgbà yóò wí pé ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ilẹ̀, ó kan ọ̀run. Àwọn ọmọ yóò máa dárúkọ igi, wọn yóò máa dárúkọ òpó iná, títí tí ọ̀kan nínú wọn yóò fi rántí òjò. Nígbà náà ni èyí tí ó kéré jù yóò fẹ́ pa tirẹ̀, yóò sì kó ọ̀rọ̀ jọ tí kò ní orí tí kò ní ìdí. Ìyá àgbà yóò fi ọwọ́ lẹ́rán, yóò ronú gidigidi, yóò gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta, yóò sì gbà pé òun kò mọ̀ ọ́n, pé kí ọkọ òun jọ̀wọ́ já a fún òun. Ìdùnnú tí ń bẹ lójú ọmọ náà ní ìṣẹ́jú yẹn, èmi kò tíì rí ohun tí olùkọ́ kan fi rà á. Lẹ́yìn èyí ni Ìjàpá ọkọ Yánníbo yóò dé, tòun ti orin rẹ̀, tí gbogbo ilé yóò sì máa gbè.

Ìyá àgbà Òṣogbo tí ó mọ̀tàn kì í fi ọ̀rọ̀ mọ sí orí Ìjàpá. Yóò sọ bí Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ erin ṣe kó àwọn ènìyàn wọn kúrò ní Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà nítorí àìrómi, bí wọ́n ṣe dé bèbè Ọ̀ṣun, bí igi ńlá kan ṣe wó lu odò nígbà tí wọ́n ń ṣán igbó, tí ohùn kan sì ké láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ọmọ tí ó ń gbọ́ èyí ti rí ìkòkò aró rí. Òmíràn wà ní ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà rẹ̀ gan-an, ó sì ti ti ìka bọ̀ ọ́ tí wọ́n fi bú u. Inú eré ni àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ti máa ń bá arúgbó fi ìko di òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ara aṣọ fún àdìrẹ oníko, tí wọn yóò máa díje pé ta ni yóò di tirẹ̀ tán ṣáájú, tí ìyá àgbà yóò sì máa tú èyí tí kò fún, tí yóò sì dá a padà pẹ̀lú ẹ̀rín.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì pé irú eré báyìí lè di iṣẹ́ tí ayé ń wò, kí ó wo Olóyè Níkẹ̀ẹ́ Òkúndayé. Ògìdì ní Ìjùmú ni a ti bí i ní ọdún 1951. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní kékeré, ìyá àgbà kan tí ó jẹ́ ìran kẹta sí i lókè ni ó sì tọ́ ọ, obìnrin tí ó mọ aṣọ híhun àti aró dídá, tí ó sì fi lé ọmọ náà lọ́wọ́. Òṣogbo ni Níkẹ̀ẹ́ wá nígbà tí ó dàgbà, ibẹ̀ náà ni ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1983, níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àdìrẹ tí a kọ́ òun náà nílé.

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, òwò gan-an ni ó tún fi kún iṣẹ́ àwọn yèyé àgbà. Àwọn òṣómàáló, àwọn oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń tajà láwìn láti ìlú dé ìlú, tí wọn kì í sì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí tí wọn yóò fi gba owó wọn, kì í gbé ilé. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó sì fi ọmọ sílẹ̀ ní Iléṣà kí ó lè mọ ilé, kí ó sì lè ka ìwé. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìyá àgbà ni ó ń jí ọmọ, òun ni ó ń wẹ̀ ẹ́, òun ni ó sì ń béèrè nírọ̀lẹ́ pé kí ni wọ́n kọ́ ọ, tí ọmọ yóò sì di olùkọ́ fún un, tí yóò mú un ka A, B, D pẹ̀lú pàṣán ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rí kan kún un láti ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ẹlẹgbẹ́ wa. Ní orílẹ̀-èdè Gáńbíà, dókítà Ian McGregor bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbí, ikú àti ìwọ̀n ọmọ sílẹ̀ ní àwọn abúlé kan láti ọdún 1950. Nígbà tí Rebecca Sear àti Ruth Mace bá a yẹ àkọsílẹ̀ náà wò, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2000, wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tí ìyá ìyá wọn wà láàyè ń sanra dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, wọn kì í sì í tètè kú. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé wíwà láàyè bàbá kò fi bẹ́ẹ̀ mú irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ wá.

Nísinsìnyí, àwọn nǹkan ti yí padà. Ọmọ wà ní Èkó, ọmọ wà ní London, ìyá àgbà nìkan ni ó kù ní ilé alájà ní Òkè-Fíà tàbí ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ wẹ ọmọ ní ìlú òyìnbó, tí wọ́n ń di òrí mọ́ ẹrù, tí wọ́n sì ń kí oríkì lórí fóònù nígbà tí wọ́n bá padà. Mo kí wọn, wọ́n ṣeun. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé àwọn ilé kan wà, kì í ṣe ní òkè òkun nìkan, ní ibí yìí náà, tí a ti ń sọ fún ìyá àgbà pé kí ó jọ̀wọ́ má ṣe sọ Yorùbá sí ọmọ, kí ó má baà ba Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jẹ́. Obìnrin tí ó ní oríkì ìdílé odindi lórí, tí ó mọ àlọ́ tí a kò lè pa tán ní ọdún kan, yóò wá jókòó síbẹ̀ bí odi, yóò máa wo ọmọ ọmọ rẹ̀ tí ń wo tẹlifíṣọ̀n, nítorí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ju káàbọ̀ àti ó dàbọ̀ lọ. A ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì ti gba ìyá lọ́wọ́ ọmọ.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ìyá láàyè. Nígbà tí ilé-ìwé bá ti sé fún ìsinmi gígùn, ní oṣù kẹjọ tí ọdún Ọ̀ṣun máa ń bọ́ sí, ẹ di ẹrù ọmọ náà, ẹ gbé e lọ fún ìyá àgbà ní Òṣogbo, ní Iléṣà, tàbí níbikíbi tí ó bá wà, ẹ jẹ́ kí ó sùn lórí ẹní rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ẹ fi fóònù ọmọ náà sílẹ̀ sílé. Ẹ má ṣe fún ìyá àgbà ní òfin èdè kankan. Bí ẹ bá sì padà lọ mú ọmọ náà, tí ó wí fún yín pé òun kò tẹ̀ lé yín mọ́, pé òun ti ní ìyàwó níbẹ̀, ẹ má ṣe bá a wí; ẹ béèrè oríkì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ bí yóò ṣe kà á.